Èwo Ni Kí Nusrat Mú Nínú Iṣẹ́ Ológun Òfurufú?

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Nusrat,
                                        Òpópónà Rockey,
                                        Yeoville, Johannesburg,
                                        South Africa.
                                        10 Oṣù Kẹjọ, 2015.

Gbèsè ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Àpò dúdú tí Délé gbé fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí, tìrẹ ni. Bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì tí mo ṣèlérí nígbà tí o fi irú àti ẹ̀gúsí ránṣẹ́ sí mi nínú ààwẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èyí tó nípọn ni tìrẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ti Bàbá Akínfẹ́mi. Má jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Mo ti san tèmi. Ìwọ lo máa jẹ mí ní gbèsè bí o bá ka lẹ́tà yìí tán.

Yíwọlá, ọ̀rẹ́ mi láti orí bẹ́ǹṣì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,

Ó wá ku kí n kí ọ bó ṣe yẹ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Bàbá Akínfẹ́mi ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n jáde? Akínfẹ́mi àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ẹ kú òjò, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Àwa náà wà, alhamdulilahi. Òtútù ibí ò tíì lọ, ṣùgbọ́n kò rí wa gbé ṣe. Bàbá Nusrat ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò owó wọn ní Bruma, wọ́n ní kí n kí yín.

Wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka èyí tó kàn. Nusrat fẹ́ wọṣẹ́ ológun òfurufú. Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo máa ń pọ̀n kiri ní Rosettenville, tó ń ké tantan bí ológbò bá kọjá. Ibí la bí i sí, ìwé ọmọ onílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ọ̀nà là fún un. Láti ìgbà tó ti jáde iléèwé girama, pailọ́ọ̀tì ṣáá lẹnu rẹ̀ ń wí. Èmi tí o mọ̀, iye tó máa ná wa ni mo kọ́kọ́ béèrè. Ó ní wọ́n á kọ́ òun lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á bọ́ òun, wọ́n á dáṣọ fún òun, wọ́n á tún máa sanwó oṣù fún òun. Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ wò bóyá ibà ni. Mo ní irú ọjà yìí, àfi kí n fojú ara mi rí i.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ taxi lọ sí Pretoria ní ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ṣí pápá bàálù kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ wáṣẹ́ àtàwọn òbí wọn. Mo gbé kúlà kan dání, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin ló kún un. O mọ̀ pé wọn ò tọ́ wa láti lọ sílé onílé lọ́wọ́ òfo. Láti Yeoville ni Nusrat ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ mí pé kí n fi kúlà sílẹ̀ sínú taxi. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn pé kó bá mi gbé apá kan.

Ọ̀gá obìnrin kékeré kan ló jókòó sídìí tábìlì àkọ́kọ́. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo ṣí kúlà, mo ní tiyín rèé, mà. Ó wo mọ́ínmọ́ín, ó wo Nusrat, ó wá wò mí. Ó ní, “Mama, tí mo bá jẹ èyí, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó gba ọmọ yín síbẹ̀.” Ó ní àwọn ò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó wá wáṣẹ́. Yíwọlá, mo gbé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tó ń rú èéfín dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, Nusrat ti lọ, ó ń rìn bí ẹni tí kò mọ ìyá tó bí i. Ọ̀gá yẹn bú sẹ́rìn-ín, ó ní bí mo bá pín in fún gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà, kò di ẹ̀bùn ẹnikẹ́ni mọ́. Mo bá ń pín in. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jẹ tirẹ̀ tán, ó lá ìka, ó ní, “Eish, Mama, níbo lẹ ti ń ta èyí?” Mo fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù. Ṣé kí n má fún un ni?

Kúlà ṣófo, ara mi fúyẹ́, ni mo bá ń ti tábìlì kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni wọ ọjà Ọjọ́rú. Mo bi àwọn tó ń dáná fún àwọn ológun bóyá wọ́n nílò èèyàn bíi tèmi. Wọ́n ní ọjọ́ orí mi ti kọjá. Mo ní ọbẹ̀ kì í béèrè ọjọ́ orí. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń darí bàálù láti inú ilé gogoro. Wọ́n fi nǹkan bò mí létí, wọ́n ní kí n ṣe bí ẹni ń bá awakọ̀ kan sọ̀rọ̀ lókè, kí n ní kó má tíì balẹ̀. Mo ní ẹ káàárọ̀ o, sà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, sà, ṣé ẹ lè fi sùúrù dúró díẹ̀? Bàbá tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú. Ó ní kí n tó kí i tán, epo á ti tán nínú bàálù. Síbẹ̀, iṣẹ́ yẹn wù mí fún ọmọ mi. Èèyàn á jókòó, aṣọ rẹ̀ á mọ́, kò ní fò, kò ní já bọ́.

Mo wá lọ wá Nusrat. Ní tábìlì àwọn pailọ́ọ̀tì, wọ́n ní ó ti débẹ̀, wọ́n ti wo awò ojú rẹ̀ tó nípọn, wọ́n sì ti sọ fún un pé ọ̀nà ibẹ̀ máa há fún un gan-an. Mo rò pé màá bá a níbi tó ti ń sunkún. Àṣé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ló wà. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì bàálù kan palẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn la ẹja. Sájẹ́ǹtì tó dúró tì í ti bi àwọn ọmọ pé kí ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wúkọ́ kó tó kú, Nusrat nìkan ló dáhùn. O ò ní mọ̀ pé òun ló ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti ń múná lọ lemọ́lemọ́ níbí. Ni wọ́n bá fún un ní sípánà. Ó ti ká apá aṣọ sókè, epo ti ba búláúsì tuntun jẹ́ pátápátá, ẹ̀rín dé etí. Ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn láti kékeré gbàgbé ara rẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ wá wò ó, ẹ wá wo inú ẹ̀.” Mo lọ wò ó. Mi ò mọ ohun tí mo ń wò, ṣùgbọ́n mo mọ ojú tí mo rí. Mi ò bínú búláúsì.

Ilé la dé tí ìjà bẹ̀rẹ̀. Bàbá Nusrat ní àwọn ò rán ọmọ níwèé kó wá lọ máa sùn sábẹ́ ọkọ̀. Iṣẹ́ kíkọ ẹrù sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì ni wọ́n fẹ́ fún un. Mo rán wọn létí pé bí mọ́tò wọn bá kọ̀ láàárọ̀, Nusrat ni wọ́n ń pè, wọn kì í pe akọ̀wé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù sì rèé, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ mú. Nusrat ní bí èmi àti bàbá òun ò bá fohùn ṣọ̀kan, òun ò ní fi ránṣẹ́.

Ẹni tó ti rin ọ̀nà là ń bi. Bàbá Akínfẹ́mi tún bàálù àwọn ológun ṣe ní Kàdúná títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bá mi bi wọ́n: àwọn obìnrin tó wà láàárín wọn nígbà náà, ṣé wọ́n jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan iṣẹ́, àbí tíì ni wọ́n ń rán wọn? Ṣé iṣẹ́ náà á ṣe é jẹun lẹ́yìn tí èèyàn bá bọ́ aṣọ ológun? Ẹ̀kẹta ni mi ò lè bi ẹnikẹ́ni ní Pretoria, nítorí ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Bí bàálù bá ń lọ sójú ogun, ṣé ẹni tó ń tún un ṣe máa ń bá a lọ? Òun nìkan ni mo bí. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, má fi ṣúgà sí i fún mi. Mi ò ní torí ẹ̀ dí i lọ́nà. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí mò ń gbà fún ọmọ mi kí n tó kojú bàbá rẹ̀. Mi ò lè fi fóònù béèrè, Nusrat ló ń bá mi ka WhatsApp.

Bá mi kí Akínfẹ́mi àti ìyàwó rẹ̀, kí o sì kí ìyá rẹ dáadáa. Sọ fún wọn pé mo ṣì ń rántí ẹ̀kọ gbígbóná wọn.

Délé máa gba ọ̀dọ̀ yín ní Ẹdẹ kọjá bó bá ń padà bọ̀ síbí. Jẹ́ kí Bàbá Akínfẹ́mi fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, kí o kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, kí o sì lẹ àpò ìwé náà pa. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí, ni Délé máa kan ilẹ̀kùn yín gba ìdáhùn mi.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,
                                        Wulemot, Ìyá Nusrat.