Ìwé Tó Ṣe Ohun Tí Àgádágodo Ò Lè Ṣe

                                        Yàrá Kẹta, Àjà Kejì,
                                        Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Tíṣà, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Òní ló pé ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún tí mo bá ọ gbé àpótí rẹ sínú ọkọ̀, tí a sì ń juwọ́ síra wa títí ọkọ̀ fi yà ní kọ̀rọ̀. Mo ń kà á. Ẹni tó ń dá gbé yàrá, kí ni kò ní kà? Báwo ni ara? Báwo ni ilé-ìwé tuntun tí wọ́n gbé ọ lọ? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń dùn ọ́ tí o bá ń gun àtẹ̀gùn? Mo kí bàbá àwọn ọmọ. Mo kí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá èyí tó máa ń fi ilẹ̀kùn mi ṣe gọ́ọ̀lù. Ilẹ̀kùn náà ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí ẹ ti lọ.

Èmi náà wà, a dúpẹ́. Oṣù keje rèé tí ọkọ mi ti lọ, àwọn èèyàn ò sì kí mi kú aráfẹ́rakù mọ́. Wọ́n ti padà sí "ẹ káàárọ̀" lásán. Oúnjẹ ń lọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Oorun náà ti padà wá, ìdí tó fi padà wá ni mo sì fẹ́ sọ fún ọ.

Nínú lẹ́tà rẹ, o ní ọkùnrin tí àbúrò rẹ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ ń dúró dè é lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn lójoojúmọ́. O wá bi mí bóyá òótọ́ ni pé mo mú Ọwọ́-Fúyẹ́ lọ sí kóòtù, láìgba lọ́yà. Òótọ́ ni. Èmi yìí náà ni, èmi tí mo máa ń bẹ̀ ọ́ kí o bá mi bá onílé sọ̀rọ̀ nítorí ojú ń tì mí! Fara balẹ̀ kí n rò ó fún ọ, kí o sì kà á fún àbúrò rẹ. Ṣùgbọ́n má fi bírò pupa sí i o. Lẹ́tà ni, kì í ṣe àròkọ.

O mọ Ọwọ́-Fúyẹ́ dáadáa. Ọdún mọ́kànlá ló fi bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́rọ́ wa, ọkọ mi ló sì sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fúyẹ́ lára irin. Kò sí ohun tí ọkọ mi mọ̀ nípa àgádágodo tí kò kọ́ ọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá bá mi, ó ní ọ̀gá òun fi mí lé òun lọ́wọ́, kí àwa méjèèjì kúkú di ọ̀kan. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ̀ fún un. Ó tún wá. Mo kọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kejì, ohùn yẹn kì í ṣe pẹ̀lẹ́ mọ́. Bó ṣe kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, mo sì rò pé ó parí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí o lọ ni mo dé láti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí mo rí i pé àga mi ti kọjú sí fèrèsé. Ìkòkò tí mo fi ń se omi tíì ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹnì kan ti fọ ife kan, ó sì da ojú rẹ̀ délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ títì ni mo bá ilẹ̀kùn. Mo ní ìbànújẹ́ ló fẹ́ yí mi lórí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá aṣọ búlúù mi níbi tó so kọ́, ẹnì kan ti lọ̀ ọ́. Kí n tó jókòó, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi: "Ìyàwó ọ̀gá, ẹ wọ búlúù yẹn lọ́la. Ó yẹ yín."

Tíṣà, kò jí nǹkan kan. Kò fọ́ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Mo lọ sọ fún ọlọ́pàá, èyí tó jókòó sí ìdí tábìlì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Ìyá, olè tó ń báni lọ aṣọ? Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó wá lọ tèmi náà." Mo bá a rẹ́rìn-ín nítorí ìtìjú. Ojú ọ̀nà ni mo ti sunkún.

Àṣìṣe tí mo wá ṣe, ìyàwó oníkọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè ṣe é. Mo rò pé kò sí wàhálà tí àgádágodo ò lè yanjú. Mo pààrọ̀ èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wọlé. Mo tún un pààrọ̀, ó tún wọlé. Ni mo bá yọ ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀ ọkọ mi, èyí tó fi aṣọ olóròóró wé, tó máa ń sọ pé òun alára á làágùn kí òun tó ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dè é mọ́lẹ̀kùn. Ó máa ń dún fíín tí mo bá ti ń yí i. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo dé láti ṣọ́ọ̀bù, mo yí kọ́kọ́rọ́, kò dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ti wà nílẹ̀ dè mí: "Ìyàwó ọ̀gá, àgádágodo yẹn ń han. Mo ti bá yín fi epo sí i."

Mi ò lè wọlé. Orí àtẹ̀gùn ni mo jókòó sí, télọ̀ ìsàlẹ̀ sì bá mi níbẹ̀. Ó ní, "Ha! Ìyàwó oníkọ́kọ́rọ́ ni kò lè wọlé rẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n pe aráyé wá wò ó." Nígbà tí mo ṣàlàyé, ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ti rí Ọwọ́-Fúyẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án, tó ń súfèé, òun sì rò pé èmi ni mo rán an níṣẹ́. Ó wá sọ fún mi pé ìwé kan wà tí kóòtù máa ń fún èèyàn, ìwé ààbò, pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ti gbà á rí. Mo ní, "Télọ̀, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

Ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ bá a ṣọ̀rẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde. Ní ọjọ́ kejì, mo mú káàdì ìdánimọ̀ mi, mo lọ sí kóòtù. Fèrèsé kẹrin ni wọ́n ní kí n lọ. Akọ̀wé ibẹ̀ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Kò gba owó kankan lọ́wọ́ mi. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo kọ orúkọ mi, mo kọ orúkọ Ọwọ́-Fúyẹ́ gan-an, bí a ṣe mọra, àti ibi tí akódà kóòtù ti lè rí i fi ìwé lé e lọ́wọ́. Tí àbúrò rẹ kò bá fẹ́ kí ọkùnrin yẹn mọ ibi tó ń gbé, kó tètè sọ fún akọ̀wé kó tó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi àyè ńlá kan tí wọ́n ti ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ ojú ìwé kan àti ààbọ̀, bí ìgbà tí mo ń kọ̀wé sí àgbàlagbà. Mo kọ ọ́ pé Ọwọ́-Fúyẹ́ kì í ṣe èèyàn burúkú, pé ó mọṣẹ́, pé ọdún mọ́kànlá ló fi bá wa jẹun, pé òun ló gbé orí pósí nígbà tí a ń gbé ọkọ mi jáde. Mo wá fi sí ìsàlẹ̀ pé ó máa ń wá sílé nígbà mìíràn láìsọ fún mi. Akọ̀wé kà á tán, ó wò mí láti òkè awò rẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ fi ọkùnrin yìí jẹ oyè ni, àbí ẹ fẹ́ kó jìnnà sí yín?"

Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn. Ó ní, "Ẹ má sọ irú èèyàn tó jẹ́ fún adájọ́. Ẹ sọ ohun tó ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é, àti ẹni tó rí i. Èyí tó ṣe kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń sá fún yẹn."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ wo?"

Ó ní, "Ẹ̀rù."

Tíṣà, òótọ́ ló sọ. Mi ò kọ ọ́ níbì kankan pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo mú bírò, mo sì kọ ọ́: ẹ̀rù ń bà mí nínú yàrá mi. Ó pẹ́ kí n tó kọ gbólóhùn kan yẹn ju gbogbo ìyókù lọ.

Wọ́n tún bi mí nípa ohun tí mo fẹ́ kí kóòtù pa láṣẹ. Mo ti rò pé ẹ̀wọ̀n ni, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń fà mí sẹ́yìn. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Mo ní kó má ṣe dé ilé mi, kó má ṣe dé ṣọ́ọ̀bù, kó má pè mí, kó má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kó má sì rán ẹlòmíì. Jíjìnnà ni ìwé náà ń sọ fún un. Ìgbà tó bá rú u ni ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá. Mo lọ tẹ àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà sórí ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà lórí wọn. Télọ̀ kọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, ó fọwọ́ sí i. Mo búra pé òótọ́ ni mo kọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni adájọ́ rí mi nínú yàrá kékeré kan. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ka ìwé mi, ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta, ó fún mi ní ìwé ààbò onígbà díẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ méjì tí àwa méjèèjì yóò jọ fojú ba ilé ẹjọ́. Akódà mú ẹ̀dà kan lọ fún Ọwọ́-Fúyẹ́. Akọ̀wé kìlọ̀ fún mi pé kí n má pè é, kí n má dá a lóhùn, kí n máa gbé ẹ̀dà tèmi kiri nínú báàgì, kí n sì mú ọ̀kan lọ fún ọlọ́pàá. Èyí tó ní kí wọ́n wá bá òun lọ aṣọ ló gbà á. Ó kà á délẹ̀, ó dìde dúró, ó ní, "Ẹ jókòó, mà."

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Ọwọ́-Fúyẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ìlà apá rẹ̀ mú bí abẹ. O kúkú mọ̀ pé ó mọ aṣọ lọ̀. Ó tẹrí ba, ó sọ̀rọ̀ bí omi. Ó ní, "Olúwa mi, ẹ bá mi bi ìyàwó ọ̀gá mi. Kí wọ́n fi ibì kan hàn tí mo fọ́. Kí wọ́n fi àmì kan hàn lára ilẹ̀kùn yẹn, ì báà tó irun orí."

Adájọ́ yíjú sí mi. "Ìyá, ṣé òótọ́ ni pé kò sí àmì?"

Gbogbo ohun tí mo ti há sórí ló fò lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ wa nìkan ló kù nínú mi. Mo ní, "Òótọ́ ni, Olúwa mi. Kò sí àmì. Olè lásán á ha irin, á tẹ àwọn eyín kéékèèké inú rẹ̀. Irú àgádágodo yẹn, èèyàn méjì péré ni mo mọ̀ tó lè ṣí i láìfi àmì sí i. Mo sin ọ̀kan ní oṣù Kejì. Èkejì ló dúró síbẹ̀ yẹn."

Adájọ́ mú ìwé àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó bi Ọwọ́-Fúyẹ́ pé ta ló ṣí ilẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ tó fi epo sí àgádágodo. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ kó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni."

Adájọ́ ní, "Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn."

Ọdún kan gbáko ni ìwé tí wọ́n fún mi, mo sì lè padà lọ béèrè tó bá parí. Télọ̀ tẹ̀ lé mi jáde, ó ń pariwo lójú títì pé, "Ẹ yà, ẹ yà! Lọ́yà ń kọjá o!" Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti fi ìborùn bojú. Lọ́jọ́ yẹn, mo rọra ń rìn láàárín títì ni. Jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, Tíṣà. Ọkọ mi ló ń gbẹnu sọ fún mi tẹ́lẹ̀, nígbà tó lọ, ìwọ ló ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo dé láti ṣọ́ọ̀bù, mo bá ife tí mo mu tíì láàárọ̀ lórí tábìlì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tíì wà nínú rẹ̀, ṣíbí wà nínú rẹ̀, eèrà kan ń gun etí rẹ̀. Ibi tí mo fi sí náà ló wà. Mo jókòó tì í, mo sunkún ọkọ mi títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Ẹ̀rù ti gba àyè ẹkún rẹ̀ lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ yìí.

Sọ fún àbúrò rẹ kó má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀ lónìí, kó má dúró de ọ̀la. Kóòtù tiyín lè ní ọ̀nà tirẹ̀, nítorí náà kó béèrè ní fèrèsé, kí ẹnì kan sì bá a lọ. Tí ọkùnrin yẹn bá fọwọ́ kàn án, ọlọ́pàá ni kó kọ́kọ́ sá lọ bá.

Bá mi kí gbogbo ilé. Télọ̀ ní kí n kí ọ, ó ní ṣòkòtò bàbá àwọn ọmọ tí ẹ gbàgbé ṣì wà lọ́dọ̀ òun. Èmi ni mò ń gé kọ́kọ́rọ́ fúnra mi báyìí. Mo ba ogún kọ́kọ́rọ́ jẹ́ kí n tó gé ọ̀kan tó wọlé, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti ń padà wá. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo máa ń ṣí. Mi ò ní jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù náà tì.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,

Ìyàwó Oníkọ́kọ́rọ́.