Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Ẹ̀rí Mi Yẹ̀wò ní Mbale

Abúlé Akisim,
Lọ́nà Kumi,
Uganda.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, ọdún 2019.

Akurut, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ìwọ àti gbogbo ará ilé rẹ ní Jinja. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ikọ́ tó ń da ọmọbìnrin rẹ láàmú ti lọ? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ò pa á lára jù? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń túlẹ̀, ẹ̀pà tí mo gbìn sẹ́yìn ilé sì ti ń yọ orí.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Okiror, àbúrò mi, lo fẹ́ gbọ́. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti dájọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, ẹkún ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ọ́ nìyí.

O ti kó lọ sí Jinja kí ọ̀rọ̀ náà tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Okiror àti Ekwaru, aládùúgbò wa, ti ń jà sí ààlà oko tipẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo ń lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ni mo gbọ́ igbe láti oko Ekwaru. Bí mo ṣe yíjú, mo rí ẹnì kan tó ń sá gba ẹ̀gbẹ́ oko lọ, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Okiror ni. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì bó ṣe máa ń wọ́ ọ láti ìgbà tó ti já bọ́ lórí igi máńgòrò. Mo sáré wọ inú oko, mo bá Ekwaru nílẹ̀, wọ́n ti ṣá a léjìká àti lẹ́yìn. Ó rí mi, ó ní, "Aguti, Okiror ti pa mí." Kí àwọn èèyàn tó dé, ó ti kú.

Ohun tí mo rí àti ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ fún ọlọ́pàá, òun náà ni mo sọ níwájú adájọ́ ní Soroti. Okiror ní òun ń sùn nílé ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Láti ìgbà náà ni Toto, ìyá wa, ò ti jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́. Tí mo bá gbé òkèlè atapa lọ fún un, á ní òun ti yó.

Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ń súnmọ́lé, ó wá sílé mi fúnra rẹ̀. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń wo ilẹ̀.

"Aguti, tí wọ́n bá tún bi ẹ́, ṣé o ò lè sọ pé kò dá ẹ lójú?"

"Toto, wọn ò ní bi mí ní nǹkan kan. Lọ́yà ní ìwé ohun tí mo ti sọ ni wọ́n máa kà, wọ́n á wá wò ó bóyá ó tó."

"Tí ò bá tó ńkọ́?"

"Wọ́n á dá a sílẹ̀."

Ó dìde. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó tó," ló wí, ó sì lọ. Èmi náà ṣe àmín nínú mi, Akurut. Mi ò ní fi pamọ́ fún ọ.

Nígbà àkọ́kọ́ tí a lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Mbale, lọ́yà wa ló sọ̀rọ̀ jù. Ó ní kùrukùru bo oko láàárọ̀ yẹn. Ó ní ẹ̀yìn ẹni tó ń sá lọ ni mo rí, mi ò rí ojú rẹ̀. Ó ní láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ṣá Ekwaru, báwo ló ṣe máa rí ẹni tó ṣá a? Obìnrin kan wà nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta náà, ó bi í pé, "Ṣé ẹ ní arábìnrin yìí ò mọ ìrìn ọmọ ìyá ẹ̀ ni?" Lọ́yà ní, "Olúwa mi, ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lè rí ohun tí kò sí níbẹ̀." Ó sọ ọ́ dáadáa débi pé èmi alára bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì, inú mi sì ń dùn pé mò ń ṣiyèméjì. Nígbà tí a padà sílé, mo lọ dúró lójú ọ̀nà ẹ̀rọ omi bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo ń wo àwọn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ oko náà kọjá, bóyá mo lè ṣi ẹnì kan mú fún ẹlòmíì. Gbogbo wọn ni mo dá mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a tún lọ gbọ́ ìdájọ́. Toto ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ló jókòó tì kí n lè máa túmọ̀ fún un. Adájọ́ obìnrin yẹn ló ń kà á.

"Kí ló ń wí?" Toto bi mí jẹ́jẹ́.

"Ó ní ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kú lọ nìkan ò tó láti fi dá ènìyàn lẹ́bi. Ó ní Ekwaru lè má rí ẹni tó ṣá a, ó kàn lè dárúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń jà, kò sì sẹ́ni tó lè bi í léèrè mọ́."

Toto di ọwọ́ mi mú. Ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kàn mí gbẹ̀yìn.

Adájọ́ náà ṣí ewé mìíràn.

"Ta ló wá kàn báyìí?"

"Èmi ni."

"Kí ni wọ́n ní o ṣe?"

Ó ṣe mí bíi pé kí n yí i padà fún un. "Wọ́n ní mi ò parọ́, Toto. Wọ́n ní kò sóhun tó máa mú mi parọ́ mọ́ ọmọ ìyá mi. Ilẹ̀ ti mọ́ tó láti rí i, àti pé ẹni tí mo pọ̀n dàgbà, mi ò lè ṣì í mọ̀. Wọ́n ní ohun tí mo rí ló gbe ohun tí Ekwaru sọ lẹ́sẹ̀."

Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, ó ká a lé itan. Wọ́n dín ọdún ẹ̀wọ̀n náà kù, ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà dúró.

Bí àwọn wọ́dà ṣe ń mú Okiror jáde, ó dúró níwájú mi.

"Ṣé ó sọ nǹkan míì?"

Kò kọ́kọ́ yé mi.

"Ekwaru. Lẹ́yìn tó dárúkọ mi."

"Ó ní kí n tú àwọn màlúù sílẹ̀. Ó ti di àjàgà mọ́ wọn lọ́rùn láti fi wọ́n túlẹ̀."

"Ṣé o tú wọn?"

"Mo tú wọn."

Ó mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí, wọ́n sì mú un lọ.

A wọ ọkọ̀ padà, èmi àti Toto sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà wa. Ibẹ̀ ni Toto ti ní, "Mo ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé o ò parọ́. Ká ní irọ́ lo pa ni, ǹ bá mọ ẹni tí mo máa bínú sí." Lẹ́yìn náà ló ní kí n tẹ̀lé òun lọ́jọ́ Àìkú lọ wo Okiror lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, pé ọ̀nà náà jìn fún òun nìkan. A ó jọ lọ.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Toto ní kí n kí ọ.

Èmi ni tìrẹ, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Aguti.