Mọ́nítọ̀ Tí Mo Rà fún Bàbá

                                        Ilé Akínsànmí,
                                        Ẹ̀bá Odò, Ijala,
                                        Warri, Ìpínlẹ̀ Delta.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Abísọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò yìí o. Kọ́láwọlé ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ibà yẹn ti lọ pátápátá? Ṣé Mary kékeré ti ń jẹun dáadáa? Màmá yín ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Èmi wà láàyè, mo dúpẹ́, àmọ́ inú mi bàjẹ́, n kò sì ní í purọ́ fún ọ.

O ní kí n sọ irú mọ́nítọ̀ tó yẹ kí o rà fún iṣẹ́ olùkọ́ tí o ń ṣe nílé, nítorí pé ìdí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń jẹun. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń gbìyànjú láti dá ọ lóhùn. Ẹkún ni kì í jẹ́ kí n kọ ọ́. Òun náà ló fà á tí àdírẹ́sì mi fi yí padà: mo ti fi yàrá mi nígboro sílẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá mi ni mo wà báyìí.

O mọ̀ pé Bàbá fi ẹja pípa sílẹ̀, ó wá di akọ̀wé ìjọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ àwọn orin tí àwọn ìyá wa máa ń dá nínú ọkọ̀ ojú omi láti Ìlàjẹ wá, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí. Ọgọ́sàn-án orin ni. Ó ku kó yẹ̀ wọ́n wò, kó tún àṣìṣe inú wọn ṣe. Èmi kò lè bá a ṣe é. Ìwọ náà kúkú máa ń fi èdè Ìlàjẹ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Láti kékeré, bí Bàbá bá sọ ọ́ sí mi, Pidgin ni mo fi ń dá a lóhùn. Ní oṣù kejì, dókítà sọ pé àìsàn ojú rẹ̀ kò gbóògùn mọ́, pé nǹkan funfun bíi kùrukùru ni yóò kọ́kọ́ bò ó, lẹ́yìn náà ni yóò ṣú pátápátá kí ọdún tó parí. Bàbá ní àkókò yẹn tó òun láti parí orin.

Lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kéré jù, ni mo bá ní n ó ra mọ́nítọ̀ ńlá fún un ní oṣù kẹrin. Ọkùnrin tó ń tà á bi mí pé, "Aunty, where you go put am? Wetin dey face am?" Mo fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ta ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi? Mo nawọ́ sí èyí tó tóbi jù, tí ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí, tó ń tàn yanran nínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣókùnkùn.

Abísọ́lá, bí Bàbá bá jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, fèrèsé tó kọjú sódò ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná sólà là ń lò, nítorí náà ọ̀sán nìkan ni mọ́nítọ̀ náà ń ṣiṣẹ́, ìgbà tí oòrùn ń ta lójú omi. Èmi sì rèé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń lọ kí i. Bàbá pe ẹgbẹ́ aládùúrà wá gbàdúrà sí mọ́nítọ̀ náà, bí mo bá sì bi í bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, yóò ní ó dára gan-an. Nílé wa, ohun tí ọmọ bá rà, tí ìjọ sì ti ṣe àmín sí, a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa mọ́.

Oṣù kẹsàn-án ni mo tó débẹ̀ lọ́sàn-án. Bàbá jókòó síwájú mọ́nítọ̀, ó gbọ́wọ́ lé orúnkún. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti wo orin tó kàn. Iwájú orí mi ni mo rí lójú mọ́nítọ̀, àti fèrèsé, àti ọkọ̀ kan tó ń kọjá lórí omi. N kò rí lẹ́tà kan. Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pé òun rò pé funfun tí dókítà wí ló ti dé, òun kò sì fẹ́ kó dùn mí. Oṣù márùn-ún! Mo yí tábìlì padà, mo fi aṣọ bo fèrèsé, lẹ́tà sì jáde, ó dúdú, ó tóbi. Mo ní kó wò ó. Ó súnmọ́ ọn títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó wá rọra bi mí pé, "Ìtùnú, ṣé o ti tàn án?"

Òkùnkùn gidi ti dé nígbà tí à ń jókòó ti funfun tí kì í ṣe àìsàn, tó kàn jẹ́ oòrùn ojú fèrèsé. Orin mọ́kàndínlógójì péré ló ti yẹ̀ wò, orí kọ̀ǹpútà kékeré àtijọ́ yẹn náà ló sì ti ṣe é.

Nítorí náà, má tíì bi mí bó ṣe yẹ kó tóbi tó. Jókòó sórí àga rẹ ní wákàtí tí o máa ń ṣiṣẹ́ gan-an, kí o wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn rẹ, má ra olójú dídán. Tó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò lò ó, ìwọ fúnra rẹ jókòó sípò onítọ̀hún kí o tó náwó. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Bá mi kí Kọ́láwọlé àti Màmá. Fi ẹnu ko Mary lẹ́nu fún mi.

Ní báyìí, Bàbá ló ń dá orin, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá kà á padà sí i létí, mo mọ̀ pé ahọ́n mi ti ba Ìlàjẹ rẹ̀ jẹ́. Yóò ní, "Ó dára, ọmọ mi, ó dára gan-an." Bó ṣe yin mọ́nítọ̀ náà nìyẹn.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
                                        Ìtùnú.