Ta Ni Ìwọ Mú ní Ilé Àlejò Etí Òkun?

Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Kejì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ẹ̀bìbì.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ àti nínú àríyànjiyàn,

Ṣé dáadáa ni o wà? Baálé ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí àbíkẹ́yìn tí eyín ń yọ lẹ́nu? Ìyá wa ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó níta? Kí wọ́n má bínú pé n kò tíì yọjú. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, ara le. Ọkọ mi ṣì ń wa ọkọ̀ rẹ̀ káàkiri, àwọn ọmọ sì ń jẹun bí ẹni pé wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ oúnjẹ jíjẹ. Inú ló ń bí èmi díẹ̀, kì í sì í ṣe sí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́. Fìdí lé ilẹ̀ dáadáa kí o tó máa kà á lọ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti dé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí, àṣìkọ ẹlòmíràn ni mò ń tún ṣe ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti bẹ̀bẹ̀ títí ni olóòtú wa wá sọ pé òun yóò fi ojú ewé géèmù dán mi wò. Bí ìròyìn mi àkọ́kọ́ bá dára, ojú ewé náà di tèmi. Bí kò bá dára, kí n padà sí kọ̀rọ̀ mi. Géèmù tó gbé lé mi lọ́wọ́ ni *Ilé Àlejò Etí Òkun*, èyí tí ìwọ náà ti tọ́ dẹ́mò rẹ̀ wò, ìyẹn díẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa kí odindi tó jáde, tí o sì yìn ín nínú ìwé ìròyìn tiyín.

N kò ní sọ pé irọ́ lo pa nípa ẹwà rẹ̀. Òjò inú rẹ̀ ń rọ̀ bí òjò gidi. Òrùka ìgbéyàwó ìyá arúgbó kan sọnù nílé àlejò, òkun ti bo ojú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò lè jáde, ìwọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì gbọ́dọ̀ wádìí ẹni tó mú un láàárín àwọn tó wà nílé: awakọ̀, alásè, dókítà, àti ìyá onílé. Mo fẹ́ràn ìyá onílé yẹn. Gbogbo ìgbà tí o bá ti bi í nípa òrùka ni yóò mú ife kan náà, tí yóò máa nù ún. Bí o bá ti wádìí tán, o ó dárúkọ ẹnì kan, dẹ́mò parí nìyẹn.

Awakọ̀ ni mo mú. Ó ní òun kò jáde rárá, bẹ́ẹ̀ bàtà rẹ̀ tutù rinrin. Bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀ ni orin bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú mi pé, “O káre! Ojú rẹ mú!” Mo dìde, mo jó.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi jókòó ti géèmù náà nígbà tí mo wà nídìí iná. O mọ̀ pé awakọ̀ ni òun fúnra rẹ̀, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè sọ tí yóò gbà pé awakọ̀ jalè. Nígbà tí a ń jẹun ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu pé òun ti mú olè, àti pé dókítà ni. Mo ní dókítà kẹ̀? Ó ní, “Ta ló máa ní mọ́tò nílẹ̀, táá jí òrùka, tí ò ní wa mọ́tò ẹ̀ lọ?” Mo ní òkun ti bo ojú ọ̀nà. Ó ní awakọ̀ gidi mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ọ̀rọ̀ di ariwo, àwọn ọmọ pín sí méjì, ọbẹ̀ tutù. Mo ní irọ́ ló ń pa. Ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tún dókítà mú níwájú mi. Orin bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ mú.

Ara fu mí. Mo jókòó, mo mú alásè: ojú mi mú. Mo mú ìyá onílé: ojú mi mú. Dẹ́mò náà gbà kí ènìyàn dárúkọ ìyá arúgbó tó ni òrùka pàápàá. Mo ní òun ló jí òrùka ara rẹ̀, wọ́n sì tún lu ìlù ayọ̀ fún mi. A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi, nítorí mo rántí ohun tí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ṣáájú mi ti kọ.

Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí kò mú olè nínú yín. Òmíràn ní ẹ̀rí kan ṣoṣo ló fi mọ̀ ọ́n, òmíràn ní láti ìgbà tí onítọ̀hún ti wọlé ni òun ti fura. Bẹ́ẹ̀ o mọ òfin àwa tí ń tọ́ géèmù wò: a kì í dárúkọ ọ̀daràn, kí a má baà bu omi sí ayọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á. Nítorí náà, kálukú fi olè tirẹ̀ pamọ́ sí abíyá. Bí ẹni méjì péré nínú wa bá jókòó ṣòfófó ni, àṣírí ìbá ti tú. Ìwà ọmọlúàbí wa ló bò ó mọ́lẹ̀.

Mo pe obìnrin tó ṣe géèmù náà lórí fóònù. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ṣe é nínú yàrá ẹ̀yìn ilé bàbá wọn. Mo ṣàlàyé ohun tí mo rí. Ó wá ké, ó ní, “Yéè! Àǹtí mi, a ò pa á o!” Nígbà tí wọ́n gbé dẹ́mò lọ sí ìpàtẹ géèmù, èrò tò lọ bẹẹrẹ, ẹni tó bá sì gbá a kò fẹ́ dìde, ó fẹ́ tún un gbá. Ni àbúrò rẹ̀ bá ṣètò rẹ̀ pé ẹni tó wù kí èèyàn mú, kó jẹ́ òun ni, kí kálukú lè tètè lọ tayọ̀tayọ̀. Ìpàtẹ parí, wọ́n gbàgbé láti pa ètò náà kó tó di pé wọ́n fi dẹ́mò ránṣẹ́ sí wa. Ó bẹ̀ mí pé kí n má kọ ọ́. Kí n tó fèsì, òun fúnra rẹ̀ tún ní, “Rárá, ẹ kọ ọ́. Ẹ kàn jẹ́ n kọ́kọ́ tún un ṣe.” Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí èyí tí wọ́n tún ṣe dé, mo tún fi ìgboyà dárúkọ awakọ̀. Orin kankan kò bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì, nígbà tí òkun fà, ó tẹ̀lé ọlọ́pàá tó wá mú un jáde sínú òjò. Ìgbà náà ni ìyá arúgbó ń béèrè pé ta ni yóò wá máa bá òun lọ gba oògùn òun. Ìdí tí bàtà rẹ̀ fi tutù nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi: ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú yọ́ jáde lọ gba oògùn fún un, ó sì ti ṣèlérí pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ara ìyá náà kò yá. Ó dùn mí dé egungun. Ọkọ mi ní, “Mo ṣáà sọ fún ẹ.” Ó gba ìjókòó lọ́wọ́ mi, ó mú dókítà, òun náà ṣì í. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó jáde lọ síbi iṣẹ́.

Bí mo ṣe rí i gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Mo ní dẹ́mò àkọ́kọ́ ń pọ́n ènìyàn lé lásán, mo ní nínú èyí tó pé, aláìṣẹ̀ ni mo mú, mo sì ní nítorí ìdí yẹn gan-an ni géèmù yìí fi tó dúró dè. Olóòtú kà á, ó jù ú sílẹ̀. Ó ní, “Gbogbo ayé ti mú olè, ìwọ nìkan lo fẹ́ sọ pé gbogbo ayé ò gbọ́n? Èmi fúnra mi mú un!” Ó ní kí n kọ ọ́ bí àwọn yòókù ṣe kọ ọ́, àbí kí n padà sí kọ̀rọ̀ mi. Mo ní n ó padà sí kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ mi kò ní sí lábẹ́ irọ́. Mo wá ní, “Ọ̀gá, ẹ dákun, ta lẹ mú?”

Ó ní a kì í sọ ọ́. Mo ní kó sọ ọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, “Ìyá onílé ni. Ojú ẹ̀ ni mo fi mọ̀.” Mo fi dẹ́mò tuntun sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó wúkọ́, ó mú ìyá onílé. Orin kankan kò bẹ̀rẹ̀, ìyá náà gbé ife sílẹ̀. Ó bi ọlọ́pàá pé ṣé òun lè ti ilé ìdáná pa ná kí àwọn tó máa lọ.

Ọ̀gá wa kò lè gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọ́fíìsì ti dìde sẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó gbé ìwé mi padà fún mi, ó ní, “Ọ̀la ló ń jáde. Má yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Kọ èmi náà mọ́ ọn.”

Ó wá kù sí ọ lọ́wọ́. O kọ ọ́ pé o mú olè náà ní ìjókòó kan. N kò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí n kò bá ní ọkọ tó lágídí, ohun tí èmi náà ìbá kọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ka tìrẹ yóò ra géèmù yìí, wọn yóò mú aláìṣẹ̀, wọn yóò sì máa rò pé àwọn nìkan ni òmùgọ̀. Obìnrin náà ti ń fi èyí tó pé ránṣẹ́ sí gbogbo yín. Gbá a. Ẹyin lohùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìwé ìròyìn yín tún ń jáde, àyè wà láti kọ òmíràn. N kò dárúkọ rẹ nínú tèmi. “Gbogbo wa” ni mo kọ, o sì wà nínú gbogbo wa. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú, ṣáà ti gbá a ná.

Bá mi kí Ìyá, kí o sì bá mi kí baálé rẹ. Ọkọ mi ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n sọ fún ọ pé ìyá onílé ni òun ń fojú sùn báyìí. N kò tíì ní ọkàn láti sọ fún un.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó mú aláìṣẹ̀ tó sì jẹ́wọ́,

Olóríkunkun.