Ìjókòó Iwájú Mọ́tò Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tẹ́ ẹ wà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Màámi fẹ́ ta mọ́tò yín. Bọ̀ọ̀dá Ṣèyí, àbúrò yín, ló ń fi í ná Òkè-Ìmẹ̀sí sí Ìjerò báyìí, ṣùgbọ́n kí èrò tó kún ní gáréèjì, ìyá àgbà tó kọ́kọ́ wọ mọ́tò á ti hu irùngbọ̀n. Mo bẹ Màámi kó ní sùúrù di ọjọ́ ọjà.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ áàpù kan tí èrò á fi máa gba ìjókòó sílẹ̀ láti ilé. Mi ò bẹ̀rẹ̀ látorí ilẹ̀ o. Mo mú tẹ́ńpíléètì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí ilé tí ẹlòmíì ti kọ́ dé òrùlé, tó wá ní kí n kùn ún. Àwọ̀, bọ́tìnnì, ìwọ̀n lẹ́tà, gbogbo wọn ti mọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Mo yí àwọ̀ kan ṣoṣo sí àwọ̀ ewé bíi ti mọ́tò yín, gbogbo ojú ewé sì tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jó títí adìyẹ àdúgbò fi sá wọ igbó.

Ibi àwòrán ìjókòó inú tẹ́ńpíléètì náà ni wàhálà wà. Ẹnì kan péré ni wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ní gáréèjì wa ńkọ́? Ẹni méjì ló ń fún ara wọn pọ̀ níbẹ̀, tí jíà á máa gún ọ̀kan nítan títí dé Ìjerò. Bọ̀ọ̀dá Ṣèyí yarí pé àfi kí n fi ẹnì kejì kún un. Mo ti fẹ́ ṣe é, ni mo bá rántí yín. Wọ́n ń pè yín ní awakọ̀ gómìnà torí pé ẹnì kan lẹ ń gbé síwájú. Ẹ kàn máa ń nu ìjókòó yẹn ni. Kí lẹ rí gan-an, Bàbá? Kí ló dé tí mi ò bi yín?

Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lánàá tí í ṣe ọjọ́ ọjà, mọ́tò kún kí ògì tó jinná. Orúkọ ẹni tó gba iwájú yọ lójú fóònù mi: Màámi ni. Kò sọ fún mi. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò pè é títí. Kò gbé e.

Èmi tí mo jogún ẹran inú ọbẹ̀ yín, tí ǹ bá sì fi gbogbo rẹ̀ pààrọ̀ yín,
Ọmọ yín.