Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Wọ́n Kó Sínú Eegun Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń jẹun kánú? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa nílé náà ni yóò máa ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé, ẹsẹ̀ bàbá rẹ ni kò jẹ́ kí n ráyè.

O mọ egbò ojúgun wọn, tó ń jinná lónìí tó ń tú lọ́la láti ọdún méje. Ní ọsibítù ńlá, wọ́n ní inú eegun gan-an ló ti ń jẹrà, pé bí kò bá gbóògùn, gígé ni. Mo sunkún, n ò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà, mo bẹ ayafọ́tò pé kó jẹ́ kí bàbá rẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ aṣọ, ó ní kò pọn dandan. Àṣé eegun lásán ló máa yà, kò tilẹ̀ sí orí níbẹ̀! Síbẹ̀ ó jọ wọ́n, mo ti gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Wọ́n wá fún wa ní fọ́ọ̀mù. Tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa kà á fún mi: kí a kó gbogbo oògùn tí a ń lò nílé wá. Ta ló ń ṣe oògùn wa bí kì í bá ṣe Ìyá Alágbo? Mo mú un lọ, tòun tìkòkò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló ń ṣe é, mo ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é, òun ni oògùn. Ó fẹ́ lé wa jáde, àfi bí dókítà eegun ṣe yọ, ọmọbìnrin tí kò ju àbúrò rẹ lọ. Kò rẹ́rìn-ín o! Ó fa àga sún mọ́ Ìyá Alágbo, ó ń bi í ní ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kó yọ méjì kúrò, pé wọ́n máa bá oògùn tòun jà, wọ́n sì le jù fún kíndìnrín àgbàlagbà. Mo ní ogun dé, o ṣáà mọ ẹnu Ìyá Alágbo. Ó ní òun náà ti ń fura sí ewé méjèèjì yẹn, ó yọ wọ́n. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Dókítà la ẹsẹ̀, ó ha eegun náà mọ́, ó wá kó ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi oògùn ṣe sínú ihò rẹ̀, kí oògùn lè máa ṣiṣẹ́ níbi tí àrùn wà gan-an. Ìlẹ̀kẹ̀! Ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti wà nílé ọkọ, bàbá rẹ ò ra ẹyọ kan fún mi rí, ojúgun wọn wá ń lo odidi okùn kan. Àgbo tí dókítà fọwọ́ sí ni wọ́n ń mu lé e, wọ́n sì ti ń jẹun. Dókítà àti Ìyá Alágbo, ọmọ mi, mo gba tiwọn. Egbò ti pa ẹnu dé láti oṣù mẹ́ta. Dókítà ní òun á ṣì máa yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n òun ò gé nǹkan kan mọ́.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì ti wú, bàtà ọ̀tún nìkan ni bàbá rẹ ń wọ̀. Lánàá wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà láìdi ẹnikẹ́ni mú, wọ́n dúró síbẹ̀, ojú wọn kún fún omi, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé bàtà ni àwọn fẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ibi ire ni ẹsẹ̀ tìrẹ náà yóò máa gbé ọ lọ.

Èmi ni ìyá rẹ.