Bá Mi Wáṣẹ́ fún Jíìnì Yìí

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ kò pa ọ́ lára? Ẹni tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní dá ọ padà lọ́wọ́ òfo. Bàbá rẹ ń kí ọ, ikọ́ rẹ̀ ti lọ, ariwo rẹ̀ ni kò lọ.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dúró, ọsibítù ni a wà. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní jíìnì kan, ohun àjogúnbá inú ara tí a ti ń bí ọmọ, ti yí padà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tíì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ bú sẹ́kún, mo ní kó dákẹ́, torí mo rántí lẹ́tà rẹ, pé ìwọ lò ń to jíìnì èèyàn, ti eku àti ti ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí, èyí ń gbẹ́rù, èyí ń gbálẹ̀, àwọn tí kò níṣẹ́ dá jókòó lápá kan. Mo sọ fún dókítà pé ọmọ mi ni ọ̀gá tó ń pínṣẹ́ fún wọn.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní oògùn méjì ló wà, ọ̀kan lè gbé e dìde, èkejì lè sọ ọ́ di arọ, iṣẹ́ jíìnì yẹn ni yóò jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tí wọn yóò lò, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí wọ́n ṣáà mú ọ̀kan, mo ní kó dúró dè ọ́. Ó ní mò ń fi ọmọ òun ṣeré. A kò bára wa sọ̀rọ̀ láti àná.

Jọ̀wọ́, wáṣẹ́ fún un, kékeré náà tó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yẹn ló ti ń gbé inú ẹ̀, kò sanwó ilé, kò tọ́wọ́ bọ nǹkan kan. O ṣáà ní ohun tí irú rẹ̀ bá ń ṣe lára eku, ó sábà máa ń jẹ́ òun náà ló ń ṣe lára wa. Bí ti eku bá níṣẹ́, kí ni tiwa jókòó ṣe? Wo ti ìwúkàrà náà, má fojú kéré rẹ̀. Bí ọ̀gá rẹ bá ń fẹ́ nǹkan kó tó fọwọ́ sí i, sọ iye rẹ̀ fún mi, èmi yóò ná an wálẹ̀.

Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ń padà lọ́la, fi èsì àti owó ọkọ̀ tiwa rán an. Má fi owó náà gba ọwọ́ bàbá rẹ, bàtà ni yóò fi rà.

Láàárọ̀ yìí Ẹlẹ́rìn-ín bi mí bóyá wọ́n ti gba jíìnì òun síṣẹ́. Mo ní wọ́n ti gbà á. Ó ní kí n gbé òun dìde kí òun dán an wò, mo ní kó jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ojú iṣẹ́ ná.

Ọlọ́run yóò là ọ́ lójú kí ọjọ́ Ẹtì tó pé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.